Bàbá Titus Olúsànmí Ọládélé: Àgbẹ̀ Tó Ní Kí Wọ́n Yẹ Gbòǹgbò Èpò Wò

Ní Òkè-Ihò, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ràn iṣu tí kò sì kórìíra èpò, ni wọ́n bí Bàbá wa sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 1953. Bàbá wọn ni Pa Joel Ọládélé, àgbẹ̀ tí òjò kì í lé kúrò lóko. Ìyá wọn ni Màmá Adétóun. Bàbá a máa sọ pé ọkọ́ làwọn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dì mú, kí àwọn tó mọ kálàmù.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1967, wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní 1974, wọ́n sì gbé Màmá Doyin níyàwó ní 1979. Ní 1995, ilé wọn di Tompkinsville lókè òkun, lódìkejì omi sí Manhattan. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní St. George lójoojúmọ́, lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Manhattan. Àwọn arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí Bàbá bá dé.

Nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá. Ọjọ́ tó bá kàn wọ́n, maikirofóònù a sinmi, ohùn wọn ti tó.

Ní 2021, ohùn náà há. A pè é ní òtútù. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni, kókó kan ló hù síbẹ̀. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n fi iná ẹ̀rọ tó ń jó sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tọ́jú rẹ̀, ó lọ, ó tún padà. Ní 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn kan tí wọ́n ń pè ní àńtíbọ́dì sí wọn lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ńṣe ni oògùn yìí ń dí ojú ọ̀nà kan lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, níbi tí àṣẹ pé kó máa dàgbà ń gbà wọlé. Irorẹ́ bo ojú Bàbá. Nọ́ọ̀sì ní ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí oògùn náà ń ràn lọ́wọ́. Àwọn ará ìjọ kó òrí wá. Bàbá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dìde lọ kàwé. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó máa so. Ẹwà kọ́ ni mo wá fi díje.”

Oṣù mẹ́rìndínlógún ni kókó náà fi ń súnkì. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà Jennifer, tó ń tọ́jú wọn, ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì tó bá pẹ́ lábẹ́ oògùn náà lè wá ọ̀nà mìíràn dàgbà. Bàbá rẹ́rìn-ín: “Bí ọ̀nà kan ò dí, ọ̀nà kan kì í là. Àṣé jẹjẹrẹ náà gbọ́ òwe.”

Dókítà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà, kí wọ́n lè fi wé èyí tí wọ́n gé kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà tuntun tó gbà. Kò fi pa mọ́ pé gígé náà kò ní wo Bàbá sàn. Ilé kọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Adébísí, wá láti Castle Hill: “Titus, odidi ni ìyá wa bí ọ. Odidi la ó dá ọ padà.” Ohùn Bàbá ti lọ nígbà náà. Wọ́n mú kálàmù, wọ́n kọ ọ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, èpò tó bá yè lábẹ́ ọkọ́, ṣé bàbá wa ń jù ú nù kí wọ́n tó yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò?”

Màmá Adébísí kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, “Orí kunkun yìí, ti bàbá wa gan-an ni.” Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ló bá Bàbá di fìlà mú lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 2025. Wọ́n fi Màmá Doyin sáyé lọ, àti Màmá Adébísí, àwọn ọmọ, Lékè àti Susan, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Kì í ṣe odidi Bàbá ló wà nínú pósí yìí. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan lára kókó náà ṣì wà ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n ń yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Màmá Adébísí ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá, ẹ gbé ọkọ́ yín sílẹ̀. Ẹ sùn re. Iṣẹ́ ń lọ lóko.