Mẹ́dàlì Àbẹ̀ní

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn, 1989

Dúróoríkẹ́ àbúrò mi,

Mo ṣẹ̀ sí Àbẹ̀ní ọmọ rẹ lọ́dún méje sẹ́yìn. Mo kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé ní Kàdúná. Orúnkún ṣì ń dà mí láàmú.

Níbi eré ìje àwọn ọmọ tí làákàyè wọn kò pé, a kọ́kọ́ dán wọn wò, kí àwọn tí eré wọn sún mọ́ra lè jọ díje. Èmi ni mo ń wo aago. Àbẹ̀ní fi díẹ̀ yá ju Fọláṣadé ọmọ mi lọ. Mo kọ irọ́ sílẹ̀ nípa eré Àbẹ̀ní, mo jù ú sáàárín àwọn tí eré wọn le jù. Fọláṣadé gba ipò kìíní àti mẹ́dàlì láàárín àwọn tirẹ̀, Àbẹ̀ní kẹ́yìn láàárín àwọn tí mo jù ú sí.

Àbẹ̀ní bi mí pé, "Bàbá, ṣé mi ò gbìyànjú ni?"

Mo ní, "Ọ̀lẹ ni ẹ́." Kò sáré mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Mo ti jẹ́wọ́ fún Fọláṣadé, òun ló sì bọ́ mẹ́dàlì yìí fún mi. Jọ̀ọ́, fi kọ́ Àbẹ̀ní lọ́rùn. Tirẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúwọlé