Ẹkún Tí O Sun Nínú Fíìmù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú wàhálà ìlú ńlá, kú ìfaradà àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yàwòrán rẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ara ńkọ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní kí n kí ọ, àmọ́ inú ń bí i sí ọ, kíkí náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́yàyà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò.

Gbogbo ìròyìn rẹ là ń gbọ́. Atún-fóònù-ṣe tó wà ní orígun òpópónà wa ló ń fi hàn wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àga kan ṣoṣo ló ní, ìyá rẹ á jókòó, èmi á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ìwọ àti òṣèrébìnrin pupa kan ń fẹ́ra, wọ́n tún ní ẹ ti jà, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n ní ẹ ti parí ìjà, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí ìjà yẹn. Nínú fíìmù, wọ́n ń pè ọ́ ní Dìndìnrìn, o sì ń dáhùn. Orúkọ gidi ni mo sọ ọ́ o. Ọ̀gbẹ́ni oníkùn yẹn tó máa ń gbá ọ létí, mo ti ní kí wọ́n bá mi kọ̀wé sí i pé kó rọra, pé láti kékeré ni etí òsì ti ń dùn ọ́. Wọ́n tún ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá èèyàn ló ń tẹ̀ lé ọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ohun tí kò jẹ́ kí o wálé nìyẹn, torí níbo lo fẹ́ kó irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ̀ sí nínú ilé yàrá mẹ́ta?

Ìyá rẹ wá ṣàìsàn. Inú ló kọ́kọ́ ń run ún, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, nígbà tó yá kò lè dìde mọ́. A pè ọ́ títí, obìnrin inú fóònù ní a kò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀. Mo bẹ obìnrin náà pé kó bá wa wá ọ lọ, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ohun kan náà ló ń wí. Ni atún-fóònù-ṣe bá ní ká kọ ọ́ sábẹ́ fíìmù rẹ, níbi tí gbogbo ayé ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, pé ìyá rẹ ń ṣàìsàn, ó ń béèrè rẹ, kí o máa bọ̀ nílé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn rẹpẹtẹ ti dáhùn. Ojú róbótó kéékèèké ni wọ́n fi ránṣẹ́, omi ń dà lójú wọn. Mo gbé fóònù lọ bá ìyá rẹ lórí ibùsùn, mo ní kó wò ó, pé gbogbo ìlú ńlá ló ń bá a sunkún. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ wo àwọn ojú náà, ó jáde síta. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó sọ fún mi pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n rò pé à ń ṣàwàdà ni. Ẹnu tí wọ́n là gbàgà yẹn, èmi rò pé igbe ni. N kò sọ fún ìyá rẹ.

Fíìmù tí ìyá rẹ wá fẹ́ràn jù ni èyí tí ìyá rẹ inú fíìmù ti kú, tí o ń yí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Lákọ̀ọ́kọ́ ó bínú, ó ní ta ni obìnrin tí ọmọ òun ń pè ní ìyá. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń ní ká tún un fi sí i. Ó ní òun ti wá mọ bí o ṣe máa sunkún òun, pé ọkàn òun balẹ̀.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi. Mo fẹ́ rọra sọ ọ́ ni, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ ọ́.

A dúró dè ọ́ títí kò fi ṣeé dúró mọ́. Nígbà tí a gbé e dé etí sàréè, mo wò yíká, n kò rí ọmọkùnrin rẹ̀, ojú tì mí. Mo bá ní kí atún-fóònù-ṣe gbé fóònù sókè, kó fi ẹkún rẹ sí i. Igbe rẹ gba gbogbo itẹ́ òkú kan. Àwọn tí kò ní í sunkún náà bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló di etí. Ibi tí o ti ya ẹnu láti pe ìyá gan-an ni dátà tán sí. O dúró gbagidi síbẹ̀, ẹnu rẹ là sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀.

Mo dúpẹ́ ẹkún yẹn. Àmọ́ láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé ìyá ẹlòmíràn lo sun ún fún, wọ́n sì sanwó rẹ̀ fún ọ. Ti ìyá rẹ ṣì wà nílẹ̀. Jọ̀ọ́, wá sun ún. Tí o kò bá tíì ráyè, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́ sí atún-fóònù-ṣe, mo fẹ́ wo ibi tó kù nínú fíìmù náà, kí n mọ̀ bóyá o padà pe ìyá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Wàá pẹ́, wàá darúgbó, ọmọ tìrẹ á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sin ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.