Ògiri Tí Kò Hàn Nínú Fọ́tò

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ya ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà mi dúdú, torí náà ìlà yẹ́lò ni mo fi ya ògiri tó máa gbé àtẹ̀gùn ró. Nígbà tí mo sọ ọ́ di fọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ di funfun, ìlà yẹn ò hàn mọ́. N ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Àtẹ̀gùn wó, ó kán ẹsẹ̀ lébìrà kan. Àwọn yòókù fi ṣọ́bìrì lu ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó ń ké pé, “Kò sí ògiri nínú fọ́tò!” Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo tún gbá a létí: “Òpùrọ́!”

Àná ni mo tó ṣí fọ́tò náà wò.

Ètò yín ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ti gbọ́ báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ṣé kí n wọlé?