Orúkọ tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìdúpẹ́

Ojúlé Kẹrin,
Gwarinpa, Àbùjá.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbùjá. Mo lérò pé orúnkún ọ̀tún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sinmi díẹ̀, àti pé ẹ ti padà sáàárín àwọn akọrin. Ara tèmi le. Ẹ ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, nítorí ohun tí a bá sọ lórí fóònù máa ń fò lọ. Ẹ gbé awò yín wọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ṣáájú: wọ́n ti dá oko wa orí fóònù padà.

Àná ni ìdáhùn àwọn tó ni géèmù náà wọlé. Mo gba inú oko tèmi nínú géèmù náà yọjú wo tiyín. Olè náà ti ta gbogbo màlúù, ó ti hú kòkó, ó sì ti pa orúkọ yín rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó sunkún.

Ṣé ẹ rántí bí oko náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni. Wọ́n ti dí ọ̀nà Ìyìn níbi tí oko wa gidi wà, Bàbá sì ń rìn yíká pálọ̀ wa ní Adébáyọ̀, l'Ádó, bí àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo gbé géèmù oko sórí fóònù yín kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n ti tún oko Ìyìn gbìn sínú fóònù: kòkó lẹ́yìn, iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, àti àga onípákó lábẹ́ igi ọsàn, níbi tí ẹ ti máa ń bó ọsàn fún wọn. Ẹ̀yin ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá tíṣà, iṣu yín ti ta, ẹ wá gún un ká jẹ!" Wọ́n á ní, "Ìyàwó, sùúrù. Iṣu fóònù kì í jóná." Láti ìgbà tí Bàbá ti fi wá sílẹ̀, igbó ti gba oko Ìyìn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ pè mí pé, "Folúkẹ́, wọ́n ti lé mi kúrò ní ule, oko kò ṣí fún mi mọ́."

Ẹ sọ fún mi pé ẹni tó pè yín ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Adó. Ó ní, "Màmá wa, Àbẹ̀bí Ọ̀kín, ẹ kú oríire àádọ́rin ọdún o! Àwa tí a ni géèmù oko fẹ́ fún yín ní ẹ̀bùn. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù yín fún mi." Ẹ ní àjèjì wo ni ì bá mọ oríkì yín? Ẹ kà á fún un. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń pe ara yín ní òmùgọ̀.

Màmá, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo tẹ ìwé ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí yín, èmi náà ni mo gbé e sórí Fesibúùkù. Oríkì yín wà lójú ewé kìn-ín-ní. Mo kọ ọ́ sínú ìtàn ayé yín pé ẹ fẹ́ràn oko orí fóònù. Nọ́ńbà yín wà lẹ́yìn ìwé. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí géèmù náà bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọn yóò fi mọ̀ yín bí páswọ́ọ̀dù bá sọnù, oríkì yín ni mo kọ! Ohun tí ìyá yín fi ń pè yín láti ẹ̀yìnkùlé títí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ni mo pè ní àṣírí. Nígbà tí olè ti rí ìyẹn, nọ́ńbà mẹ́fà nìkan ló kù fún un. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ olè orí ẹ̀rọ, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ ìyá mi sójú títì. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ rántí Sátidé tí mo wá sílé, tí a jọ kún fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè oko padà. Wọ́n ní kí a sọ orúkọ tí oko náà kọ́kọ́ jẹ́, kí Bàbá tó yí i padà. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ẹ ní, "Kọjú sí ògiri." Èmi ọmọ ogójì ọdún kọjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ ní orúkọ tí Bàbá fi ń pè yín nígbà tí ẹ jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ rí. Orúkọ yẹn ló gba oko padà.

Bí ẹ bá ṣí géèmù náà báyìí, yóò ní kí ẹ yan páswọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ yan ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, tí kò sí nínú oríkì, tí kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì tí gbogbo ìjọ mọ̀ mọ́ yín. Ẹ má lò ó níbòmíràn. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Olè orí fóònù kò lè ṣí àpótí yín. Ní ti nọ́ńbà mẹ́fà, ojú yín nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀, ìbáà kì yín dé ìran keje, ìbáà jẹ́ ohùn èmi Folúkẹ́ lẹ gbọ́, ẹ pa fóònù náà.

Màmá, gbogbo ohun tó ṣeé tà ni olè náà kó lọ. Àga onípákó kò níye lórí lọ́jà wọn, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ọkùnrin kékeré onífìlà tí Bàbá fi ṣe ara wọn ṣì jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún yín.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé yóò máa ṣọ́ yín. Orúnkún yín yóò le, ohùn yín kò ní há lójú orin. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ ní kó kọjú sí ògiri,
Folúkẹ́

Àfikún: Mo ti yọ ìwé ìdúpẹ́ náà kúrò lórí Fesibúùkù. Ní ti orúkọ yẹn, ó wù mí kí n gbọ́ ọ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún mi.