Ilẹ̀ Tútù fún Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò: Ìgbésí Ayé Bàbá Olóoru

Ní ọdún 1941 ni wọ́n bí bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Olóoru, nínú ilé oníyàrá kan lẹ́yìn ibùdó ìwakùsà. Ọmọ afọ́kùúta ni wọ́n, ọmọ ẹni tí àpáta ń gbúròó òòlù rẹ̀ kó tó là. Ìyá wọn, tó ń fọṣọ fún àwọn awakùsà, ló kọ́ wọn ní ìwé àti àdúrà nínú ilé. Ọmọ méjì péré ni ìyá náà bí: Bàbá Olóoru àti àbúrò wọn ọkùnrin.

Ní 1962, wọ́n wọ iṣẹ́ ìwakùsà. Ooru àpáta ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á lu ihò tó jìn tó apá ọkùnrin sára ògiri, wọ́n á ki òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dúró títí ó fi sọ òótọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀ síwájú. Àwọn ló là á yé wa pé inú ilẹ̀ ayé ò tíì tutù látọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a. Nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta gbígbóná ń rọra gòkè, èyí tó ti tutù ń rọra rì. Lókè níbí, òkúta ń fi ooru lé òkúta lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú.

Ní 1968, wọ́n gbé ìyá wa, aránṣọ, níyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1974, àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ́n omi sára ògiri kí eruku lè rọlẹ̀. Iṣẹ́ ti pẹ́. Àbúrò wọn, aláwàdà, ló ṣáájú àwọn agbẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti ihò yín! Ẹ fọwọ́ kàn án, ó tutù bí imú ajá. Ẹ jẹ́ ká wọlé jàre." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ máa lọ." Omi ojú àpáta lọwọ́ wọn bà, ooru inú rẹ̀ kò tíì dé ìta. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi gún omi tó ń hó nínú àpáta, ó sì bú lu àbúrò wọn àti àwọn agbẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá fi kọnkéré dí ojú ibẹ̀ pa. Òkú àbúrò wọn ò jáde dòní.

Láti ìgbà náà, Bàbá ò fi omi gbígbóná wẹ̀ mọ́, bó ti wù kí òtútù mú tó. Wọ́n gba ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò wọn bí, wọ́n tọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ náà bi wọ́n pé, "Bàbá àgbà, ṣé ibẹ̀ kì í jó bàbá mi lára?", wọ́n dìde, wọ́n jáde. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe díákónì, àdúrà kan ni wọ́n máa fi ń parí: "Olúwa, tù ú lára."

Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n ní ooru oòrùn kì í wọ inú ilẹ̀ jìnnà, iná ìsàlẹ̀ náà sì jìnnà. Àárín méjèèjì, níbi tí a ń sìnkú sí, tutù. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a gbé fìlà iṣẹ́ àbúrò àwọn, èyí tó kù sílé, sáyà àwọn nínú pósí. Wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ọmọ àbúrò wọn àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ. Ọmọ àbúrò wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fìlà náà sí wọn láyà láàárọ̀ yìí.

Bàbá, ẹ sùn re o. Ẹ gbá àbúrò yín mọ́ra. Ilẹ̀ ibí tutù.