Eyín Ìsàlẹ̀ Tí Mo Rì Sínú Ata Gígún

Kiyong ọmọ mi,

Ṣé o wà láàyè? Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, bàbá rẹ ì bá ti bá mi wí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, tí mi ò bá sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní lè kọ ìyókù. Ó dáa, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú àdágbé ìlú Seoul. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ọ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ yóò máa gbé ọ padà sókè. Bàbá rẹ tó sùn sórí òkè lẹ́yìn oko aáyù kò ní sùn títí kó gbàgbé rẹ. Ọ̀run kò ní mójú kúrò lára rẹ, pàápàá lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé wà bó ṣe wà. A ti fa aáyù tán, ó ta ju ti èṣí lọ, mo sì ti so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé. Ajá Ìyá Dukho bí mẹ́rin, ó fẹ́ fún mi ní ọ̀kan, mo ní èmi tí mi ò lè fi eyín kan egungun mọ́, kí ni n ó máa ṣẹ́ kù fún ajá. Baálẹ̀ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, ó gbé e kọ́ sórí òpó níwájú gbọ̀ngàn àwọn àgbà, láràárọ̀ ló sì ń fi pariwo sí wa létí, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n á kó ìdọ̀tí àti orúkọ ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ oko olóko.

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ bá ọ sọ, má bínú pé mi ò tètè sọ ọ́. O mọ̀ pé bí eyín òkè bá já lójú àlá, àgbà ilé ni yóò kú, bó bá jẹ́ tìsàlẹ̀, ọmọ ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lábúlé wa. Lọ́dún tí bàbá rẹ kú, eyín òkè kan já bọ́ sí mi lọ́wọ́ lójú àlá láìsí ẹ̀jẹ̀, kò sì pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí bàbá rẹ fi ṣubú sínú omi oko ìrẹsì tí kò dìde mọ́. Lóṣù tó kọjá tí a ń fa aáyù lọ́wọ́, mo rẹjú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ni mo bá rí i tí eyín ńlá tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ń mì. Mo fi ahọ́n tì í, mo tì í títí mo fi jí, kò já. Nígbà tí mo jí, eyín yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìwọ nìkan lọmọ tí mo bí, Kiyong. Ta ni n bá tún rò?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ eyín yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ìkókó. Apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ewébẹ̀ aláta kimchi kò kan ẹnu mi mọ́, ìrẹsì tí mo bá sè, màá tún fi omi sí i kó lè di mímu. Síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú títí dé etí. Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn eyín tó wà nígboro, èyí tí wọ́n gbé ẹja aláwọ̀ pupa sínú gíláàsì níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé owó ibẹ̀ máa pọ̀. Ó ní wọ́n á yọ eyín yẹn, wọ́n á wá fi ìṣó kan òmíràn mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo bi í pé bí mo bá kú ńkọ́, ta ni yóò yọ ìṣó náà? Ó tún rẹ́rìn-ín sí mi. Iye tó sì pè, bí mo bá ta gbogbo aáyù abẹ́ òrùlé, tí mo ta òrùlé náà mọ́ ọn, kò tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ẹja díẹ̀, mo bá bọ̀ wálé.

Ìyá Dukho ní kí n pe ọkùnrin alápò, ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé tó ń ṣe eyín fún àwọn arúgbó lówó pọ́ọ́kú láìní ìwé àṣẹ. Mo ní ṣé kì í ṣe òun náà ló ṣe tọkọ rẹ, tí ìdí eyín rẹ̀ fi kẹ̀, tó ń fi ṣíbí jẹ àkàrà títí dòní? Ó ní òun náà ni o, ṣùgbọ́n kò wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé ni ẹ̀rọ baálẹ̀ kéde pé bọ́ọ̀sì àwọn dókítà eyín tìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Gbogbo ènìyàn ń dunnú, èmi wọlé mo ti ilẹ̀kùn, nítorí mo mọ̀ pé yíyọ ni wọ́n á ní kí n yọ ọ́.

Ohun tó tún wá já mi láyà nìyí. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló ń gbé e. Ohùn rẹ̀ dùn, ó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Ó ní o ò lè gbé e báyìí. Mo ní ìyàwó wa, ṣé ara rẹ̀ ò yá ni? Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ní kó bá mi sọ fún ọ nípa eyín mi. Bó bá jẹ́ pé o ti gbé ìyàwó láìsọ fún mi, mi ò bínú, mo dáríjì yín, ṣùgbọ́n kí ló dé tó ń fi ọ́ pamọ́? Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán àpòòwé kékeré kan tún jáde lójú fóònù mi, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Méjì ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di mẹ́rin, ó ti di méje báyìí. Baálẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá tẹ ohun tí kò mọ̀ lórí fóònù, ibẹ̀ lolè máa gbà wọlé. Mi ò fọwọ́ kàn án, fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó sílé. Ṣé o mọ ohun tí baálẹ̀ ṣe? Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí Ìyá Kiyong máa bọ̀ o, òun nìkan ló kù, àwọn dókítà ń dúró, ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í ṣe tàgbà. Odindi abúlé gbọ́. Ìtìjú ló gbé mi dé ìdí bọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin kan fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa dúró fún mi bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kiyong, bí mo ṣe rí i pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ eyín ìsàlẹ̀ sí ni orúkọ náà máa wà, mo gbé bíírò sílẹ̀. Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀? Orúkọ bàbá rẹ ni mo kọ, torí kò sí ohun tó tún lè ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ náà ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kò ní fóònù, orí òkè ló wà, lẹ́yìn oko aáyù. Ó ní màmá, ẹni tó lè tètè dé ni à ń wí. Mo ní ta ló tún máa tètè dé ju ìyẹn lọ, ó súnmọ́ ibí ju Seoul.

Dókítà náà ń jẹ́ Pyo, obìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, agbárí mi jáde gbàgà lójú tẹlifíṣọ̀n, mo sì rí bí n ó ṣe rí nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ ti bàbá rẹ. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ó ní eyín ìsàlẹ̀ yẹn ti ń da oró sínú egungun, bí kò bá kúrò lónìí, oró náà lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ọmọ mi, jọ̀ọ́, yọ tòkè. Yọ méjì bó o bá fẹ́. Ó ní màmá, tòkè ò ṣe nǹkan kan. Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo ni ín, mo fi tọrẹ. Ó ní kí ló dé? Ni mo bá sọ àlá náà fún un, mo sì sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà kì í sùn bó bá lá irú ẹ̀. Ó wá fi ìka sí fọ́tò, ó ní ẹ wò ó, eyín yìí ti kú tipẹ́, ó ti lé lọ́dún kan tó ti kú, ó kàn dúró síbẹ̀ ni.

Mo rò ó. Bó bá ti lé lọ́dún kan tó ti kú, tí ìwọ sì jẹ abọ́ ọbẹ̀ méjì níwájú mi lọ́dún tuntun, tí o tún bú sí i, á jẹ́ pé ikú eyín náà ti rékọjá láìfọwọ́ kàn ọ́. Mo la ẹnu. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí ihò yẹn ṣófo lábẹ́ ahọ́n mi, ẹ̀rù tún dé, ó ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo pè ọ́, ìyàwó rẹ ló tún gbé e. Òní ni Ọjọ́bọ̀, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ. Dókítà Pyo ti fọ eyín náà fún mi. Ìyá Dukho ní kí n jù ú sórí òrùlé fún kannakánná, bí ìwọ ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Mo ní ta ni kannakánná fẹ́ fún ní eyín tuntun lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, bó bá wá yí bọ́ sílẹ̀ lórí òrùlé ńkọ́, tí ajá rẹ gbé e?

Nítorí náà mo fi bébà wé e, mo fi ọ̀rá dì í, mo rì í sí ìsàlẹ̀ ata gígún tó wà nínú páálí tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Eyín tó bá já tó sọnù ni àlá ń wí. Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, kò sọnù. Má fi ata yẹn se nǹkan kan kó o tó yọ ọ́, má sì jẹ́ kí obìnrin yẹn gbọn páálí náà dànù.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ kó o wá fún mi. Dókítà ní ìjọba á san èyí tó pọ̀ nínú owó eyín àtọwọ́dá fún irú àwa arúgbó, ìyókù ló kàn wá. Má fi í ránṣẹ́ sí báńkì o. Ẹ̀rọ báńkì kì í bèèrè bóyá ẹni tó fowó ránṣẹ́ ṣì ń mí. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá, bí kò tilẹ̀ tó nǹkan kan, bó jẹ́ pé ọwọ́ lásán lo mú wá, eyín lè dúró.

Fóònù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Nọ́ńbà ara àpòòwé ojú rẹ̀ ti di mẹ́jọ. Mo ti fi abọ́ ìrẹsì dé e mọ́lẹ̀ kí olè má bàa jáde, torí náà má pe ibẹ̀. Ilé baálẹ̀ ni kó o pè. Sọ fún un pé kó tan ẹ̀rọ rẹ̀, kó kéde pé Kiyong ọmọ Ìyá Kiyong wà láàyè. Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní tijú.

Kí ilẹ̀ Seoul má ṣe gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí eyín ẹnu rẹ pé títí o ó fi sin mí, kí ó tún pé lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀run jẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni o máa sin mí.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mo kọjú sí òpó gbọ̀ngàn.