Sọ́bújẹ́ẹ̀tì Tí Tolúwani Yọ

Akínwálé ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Lakowe níbí, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ lọ́hùn-ún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ó sì ń bá mi lára mu. O ṣeun, ọmọ mi. Ojú ò ní tì ọ́.

Ọ̀rọ̀ WAEC Tolúwani ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà, torí lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án lo ní kó ṣe. Ọmọ ò jẹun mọ́, orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Tíṣà wọn ní mẹ́jọ ti tó, ni mo bá ní kó yọ ọ̀kan. O ti sọ pé Yorùbá ò wúlò fún ẹni tó fẹ́ di dókítà, àmọ́ Fọ́dà Mátì, ìṣirò líle yẹn, ló yọ. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Jọ̀ọ́ pè é, kó gbọ́ lẹ́nu rẹ pé o ò bínú.

Ó ti ń jẹun báyìí. Olúwa á jẹ́ kí o jèrè ọmọ.

O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Tolúwani ló ń kọ gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí. Ó kà á fún mi; ohùn ara mi ni mo gbọ́.

Ìyá rẹ